Owó Kí Ni Wọ́n Ń Gbà Lórí Káàdì Amòòkùn?

Bí èèyàn bá dé àárín àwọn tó ń gbé sílíńdà afẹ́fẹ́ pọ̀n mòòkùn lọ sísàlẹ̀ òkun fún ìgbádùn, yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́rẹ̀ẹ́ jiyàn rẹ̀ mọ́: káàdì ike ti di ohun àná, inú fóònù ni káàdì gidi wà báyìí. Wọ́n ní kì í sọnù, kì í kán, omi kì í bà á jẹ́. Ẹni tó bá ní in lè dé Íjíbítì, Tàílándì tàbí Mẹ́síkò, kó na fóònù sí ẹni tó jókòó nídìí tábìlì, kí wọ́n sì gbé sílíńdà fún un lójú ẹsẹ̀. Bí owó bá wà lórí rẹ̀, wọ́n ní owó tó yẹ ní sísan ni. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ṣùgbọ́n kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Owó tí wọ́n ń gbà kò bá ohun tí wọ́n ń tà mu, ohun tí wọ́n ń tà náà kò sì ṣe iṣẹ́ tí àwọn èèyàn gbà pé ó ń ṣe.

Ó yẹ ká mọ ibi tí káàdì yìí ti wá. Lọ́dún 1943, ogun ṣì ń jà ní Yúróòpù nígbà tí Jacques Cousteau àti ẹnjiníà Émile Gagnan ṣe ẹ̀rọ ìmí kan ní ilẹ̀ Faransé, èyí tó jẹ́ kí èèyàn lè gbé afẹ́fẹ́ ara rẹ̀ lọ sábẹ́ omi láìsí ọ̀pá tó so ó mọ́ ọkọ̀. Ogun parí, ẹ̀rọ náà dé ṣọ́ọ̀bù, ẹni tó bá sì lówó lè rà á láàárọ̀ kó bá a wọ omi lọ́sàn-án, yálà ó mọ̀ ọ́n lò tàbí kò mọ̀ ọ́n lò. Afẹ́fẹ́ tí a fún mọ́ inú sílíńdà kì í ṣe ohun eré. Ẹni tó bá fà á símú nísàlẹ̀ tó sì di èémí mú nígbà tó ń gòkè lè fa ẹ̀dọ̀fóró ara rẹ̀ ya. Ẹni tó bá pẹ́ jù nínú ibú, tó sì sáré gòkè, afẹ́fẹ́ a máa hó nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn aláṣẹ Los Angeles County ní Kalifọ́níà fi gbé ètò ẹ̀kọ́ kalẹ̀ ní nǹkan bíi ọdún 1954 sí 1955, tí wọ́n sì ń fún àwọn tó bá yege ní ìwé-ẹ̀rí. Àwọn ará Britain ti dá ẹgbẹ́ tiwọn, BSAC, sílẹ̀ ní 1953. Àjọ NAUI dé ní 1960. Ní 1966 ni John Cronin àti Ralph Erickson dá PADI sílẹ̀ ní Illinois, SSI sì tẹ̀ lé e ní 1970.

Ohun tó so gbogbo wọn pọ̀ ni àdéhùn kan tí òfin kò kọ sílẹ̀: ṣọ́ọ̀bù kì í rọ afẹ́fẹ́ sínú sílíńdà ẹni tí kò bá ní káàdì. Ní Amẹ́ríkà, kò sí òfin ìjọba àpapọ̀ tó sọ pé ẹni tó ń mòòkùn fún ìgbádùn ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ìwé-ẹ̀rí. Àwọn oníṣòwò fúnra wọn ló fi ìlànà náà de ara wọn, kí ìjọba má bàa wá dè wọ́n. Agbára káàdì ti ibẹ̀ wá. Láìsí káàdì, kò sí afẹ́fẹ́. Láìsí afẹ́fẹ́, kò sí ìmòòkùn. Ohun tó bá sì ti ní irú agbára bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ jáde yóò wá ọ̀nà láti máa pa owó lórí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo bí owó náà ṣe ń rìn. Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá parí Open Water, tí í ṣe ìpele àkọ́kọ́, olùkọ́ rẹ̀ a fi orúkọ rẹ̀, ọjọ́ ìbí rẹ̀, fọ́tò rẹ̀ àti ọjọ́ tó yege ránṣẹ́ sí àjọ tó ń fọwọ́ sí ìwé-ẹ̀rí. Owó wà lórí ìyẹn. Bí kò bá tilẹ̀ hàn lórí rìsíìtì, akẹ́kọ̀ọ́ ló ń san án, nítorí inú owó ẹ̀kọ́ ni ṣọ́ọ̀bù ń fi í sí. Láti ọjọ́ náà, orúkọ rẹ̀ ti wọ rẹ́jísítà, kò sì ní kúrò níbẹ̀, nítorí ìwé-ẹ̀rí àwọn àjọ ńlá wọ̀nyí kì í gbó. Ṣọ́ọ̀bù tó bá forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ náà lè fi orúkọ àti ọjọ́ ìbí wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n rí ìpele tó dé àti ọjọ́ tó dé e. Ìyẹn ni ẹ̀rí gidi. Ike tó wà nínú pọ́ọ̀sì jẹ́ ẹ̀dà rẹ̀, àwòrán tó wà lójú fóònù náà sì jẹ́ ẹ̀dà rẹ̀.

Kí wá ni ẹni tó gba káàdì ike ní ogún ọdún sẹ́yìn ń rà nígbà tí wọ́n bá ní kó sanwó kí ti orí fóònù tó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́? Ó ti sanwó ẹ̀kọ́. Ó ti sanwó ìforúkọsílẹ̀. Àkọsílẹ̀ náà ti wà lórí kọ̀ǹpútà wọn kí wọ́n tó ronú kan áàpù rárá. Ẹni tó bá ti ra káàdì tí wọ́n máa ń họ nígbà kan kó tó lè wo èsì WAEC rẹ̀ mọ irú òwò yìí dáadáa: ó ti sanwó ìdánwò, ó ti jókòó ṣe é, wọ́n ti máàkì rẹ̀, èsì ti wà nílẹ̀, síbẹ̀ ó tún di dandan kó sanwó kó tó fojú ara rẹ̀ rí máàkì ara rẹ̀. Ó kéré tán, ẹ̀ẹ̀kan ni ọmọ WAEC kojú èyí fún ìdánwò kan. Amòòkùn tó bá gba ìwé-ẹ̀rí fún ibú, fún òru, fún ọkọ̀ tó rì àti fún afẹ́fẹ́ àpòpọ̀ tí wọ́n ń pè ní Nitrox ní káàdì mẹ́rin lórí Open Water, ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n máa ka iye owó lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Àwọn tó ń gbèjà owó yìí ní èsì. Wọ́n ní kọ̀ǹpútà kì í ṣiṣẹ́ lásán, pé àwọn tó kọ áàpù náà ń gba owó oṣù, pé ìpamọ́ orúkọ ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù èèyàn kò rọrùn. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ wo lára ìwọ̀nyí ni amòòkùn kò bá ti sanwó rẹ̀? Yálà ẹnikẹ́ni ra àwòrán tàbí kò rà á, àjọ gbọ́dọ̀ tọ́jú rẹ́jísítà, nítorí orí rẹ̀ ni gbogbo òwò náà dúró lé. Bí kò bá sí rẹ́jísítà, kò sí ohun tí àjọ náà yóò fi yàtọ̀ sí ṣọ́ọ̀bù tó ń tẹ káàdì ìpè fún ìyàwó. Ohun tó ń kún un nígbà tí ẹnì kan bá béèrè káàdì orí fóònù ni ìgbà tí kọ̀ǹpútà fi gbé fọ́tò àti orúkọ sójú kan náà. Iye tó ń náni kò tó nǹkan rárá.

Ẹ̀rí pé ó ṣeé ṣe láti ṣe é lọ́nà mìíràn sì wà nílé iṣẹ́ ọ̀hún fúnra rẹ̀. SSI ti pẹ́ tó ti ń fi káàdì sínú áàpù rẹ̀ láìgba owó ọ̀tọ̀ lọ́wọ́ amòòkùn. Ẹni tó bá fẹ́ ike ló ń san owó ike. Àjọ SDI náà ń fún àwọn tiwọn ní ti orí fóònù. Àwọn àjọ wọ̀nyí kò kógbá wọlé. Kódà ní Koh Tao, erékùṣù kékeré ní Tàílándì tó wà lára ibi tí èèyàn ti ń kọ́ ìmòòkùn jù lọ láyé, ohun tí ṣọ́ọ̀bù SSI máa ń sọ nìyẹn láti fa oníbàárà lọ́wọ́ ṣọ́ọ̀bù tó wà ní òdìkejì títì: ìwé ẹ̀kọ́ àti káàdì ti wà nínú owó. PADI náà ti ń fi ti orí fóònù sínú ìwé-ẹ̀rí tuntun. Ó dára. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, ìgbà tí ìdíje mú wọn ni owó náà rọ̀, bó sì ṣe rọ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ tuntun ló fi hàn pé kò sí ìdí tí wọ́n fi ń gbà á lọ́wọ́ àwọn àgbà ọwọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni, káàdì orí fóònù ní àǹfààní tirẹ̀. Ẹni tí pọ́ọ̀sì rẹ̀ bọ́ sómi ní òde Íjíbítì kò ní pàdánù ọjọ́ ìsinmi rẹ̀. Ti pé ó ń dín ike kù láyé, ká fi ìyẹn sílẹ̀: ẹni tó wọ ọkọ̀ òfuurufú láti Lọ́ńdọ̀nù lọ sí Òkun Pupa kò lè fi ike tí kò tó ìka ọwọ́ méjì ṣe ìwẹ̀nùmọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù ni ìwúlò. Àwọn èèyàn gbà pé káàdì ń sọ fún ṣọ́ọ̀bù pé ẹni tó gbé e wá mọ̀ ọ́n ṣe, àti pé bó ṣe wọ fóònù, ó ń sọ ọ́ kíá, ó sì ń sọ ọ́ dáadáa. Kí ni káàdì ń sọ ní ti gidi? Ó ń sọ pé ní ọjọ́ kan báyìí, olùkọ́ kan fọwọ́ sí i pé ẹni yìí ṣe ohun tí ìwé ní kó ṣe. Fún Open Water ti PADI, ohun náà ni ẹ̀kọ́ inú ìwé, ẹ̀kọ́ inú adágún, lílúwẹ̀ẹ́ 200 mítà láìdúró, fífó lójú omi fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, àti ìmòòkùn mẹ́rin ní omi gbalasa. Ó ti tán. Ẹni tó ṣe é lọ́dún 1998 tí kò sì fẹsẹ̀ kan òkun láti ìgbà náà ní káàdì kan náà pẹ̀lú ẹni tó mòòkùn lánàá. Bí a gbé e sínú fóònù, fọ́tò rẹ̀ yóò mọ́lẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n ọgbọ́n tó ti gbàgbé kò ní padà wá.

Orúkọ tó wà lórí rẹ̀ náà ń tan èèyàn. Ní PADI, ẹni tó bá ṣe ìmòòkùn márùn-ún lẹ́yìn Open Water lè di Advanced Open Water, ìyẹn ni pé ẹni tí gbogbo ìmòòkùn rẹ̀ láyé kò ju mẹ́sàn-án lọ lè máa jẹ́ amòòkùn tó ti gòkè. Ní SSI, kí èèyàn tó gba orúkọ kan náà gan-an, ó gbọ́dọ̀ parí ẹ̀kọ́ àkànṣe mẹ́rin, kó sì ti mòòkùn nígbà 24. Orúkọ kan, ẹni méjì tí wọn kò jọra rárá. Ẹni tó wà nídìí tábìlì ní láti mọ ìtàn àjọ méjèèjì kó tó mọ ohun tó ń wò, púpọ̀ nínú wọn kò sì ní àyè ìyẹn láàárọ̀.

Àárọ̀ ọ̀hún gan-an ló yẹ ká wò. Ọkọ̀ fẹ́ gbéra, àlejò ti tò, fóònù àwọn kan wà nínú àpò tí omi kì í wọ̀ ní ìsàlẹ̀ báàgì, íntánẹ́ẹ̀tì etíkun ń wá ó ń lọ. Akọ̀wé wo àwòrán, ó wo ojú ẹni, ó da nọ́ńbà kọ sínú fọ́ọ̀mù. Kò sí àyè láti wọ rẹ́jísítà lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ẹnì kan bá fi áàpù yí orúkọ àti ọjọ́ padà lórí àwòrán náà lálẹ́ àná, akọ̀wé kò ní mọ̀. Lẹ́yìn náà ló wá béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo tó ní láárí: “Ìgbà wo lẹ mòòkùn kẹ́yìn?” Ìdáhùn náà kò sí lórí káàdì. Ẹnu àlejò ni yóò ti jáde, àlejò tó ti sanwó ilé ìtura, tí ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀, tí kò sì fẹ́ kí ọkọ̀ fi òun sílẹ̀.

Ẹni tó mọ iṣẹ́ kì í gbára lé ìdáhùn yẹn. Ó máa ń dúró nídìí ọkọ̀, kó fi ẹ̀gbẹ́ ojú wo ọwọ́ àlejò nígbà tó ń to ohun èlò rẹ̀. Ṣé ó mọ ibi tí ẹ̀rọ ìmí ń kọjú sí lórí sílíńdà, tàbí ó ń yí i kiri? Ṣé ó ṣí ẹnu sílíńdà tán, àbí ìdajì? Nígbà tó ń fa afẹ́fẹ́ wò, ṣé ojú rẹ̀ wà lára aago tó ń ka afẹ́fẹ́? Bí abẹ́rẹ́ aago náà bá ń ṣubú lọ sílẹ̀ tó tún ń dìde bó ti ń mí, ẹnu sílíńdà kò ṣí tán nìyẹn, wàhálà sì ń dúró dè é ní ìsàlẹ̀. Ṣé ó mọ iye òjé tó ń gbé e rì, tàbí ó ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀? Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta, olùdarí tó gbọ́n ti mọ ẹni tí yóò mú mọ́ra. Kò sì wo fóònù kankan.

Àwọn tó ń ṣírò ikú àwọn amòòkùn náà ti fi nọ́ńbà ti ọ̀rọ̀ yìí lẹ́yìn. Àwọn olùwádìí Divers Alert Network, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Yunifásítì Duke ní 1980, yẹ ikú 947 wò láàárín 1992 sí 2003, gbogbo rẹ̀ láàárín àwọn tó ń mòòkùn fún ìgbádùn. Nínú àwọn tí wọ́n lè tọ ohun tó bẹ̀rẹ̀ wàhálà náà, 41 nínú ọgọ́rùn-ún ni afẹ́fẹ́ tán tàbí kò tó. Nǹkan bíi 20 nínú ọgọ́rùn-ún ni nǹkan há mọ́ra tàbí tó há sínú nǹkan, ohun èlò sì bàjẹ́ lọ́wọ́ nǹkan bíi 15. Nígbà tí wọ́n wo ohun tó dá ara dúró, ọkàn wà lára àwọn tó pọ̀ jù. Afẹ́fẹ́ tán: ẹni tí kò wo aago ni. Ọkàn: ẹni tí ara rẹ̀ kò lè gbé e ni. Kò sí àyè fún èyíkéyìí nínú wọn lórí káàdì, yálà ti ike tàbí ti orí fóònù.

Dahab ní Íjíbítì lè là á yé ẹni tó bá ṣì ń ṣiyèméjì. Ihò omi kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Blue Hole, ó sún mọ́ etíkun débi pé èèyàn lè rìn látorí àpáta bọ́ sínú rẹ̀. Ibú rẹ̀ ju 90 mítà lọ. Ní nǹkan bíi 55 mítà sísàlẹ̀, àpáta là bí ẹnu ọ̀nà, ẹni tó bá gba ibẹ̀ kọjá yóò bọ́ sí òkun gbalasa. Ìpele tó jìn jù tí àwọn àjọ fọwọ́ sí fún ìgbádùn jẹ́ 40 mítà, ẹni tó ní Open Water nìkan kò sì gbọ́dọ̀ kọjá 18. Lára òkè tó kọjú sí ihò náà, àwọn ẹbí ti kan pátákó ìrántí mọ́ ara àpáta, orúkọ àwọn tó wọlé tí wọn kò jáde láàyè. Ní ọjọ́ 28, oṣù Kẹrin, 2000, Yuri Lipski, ọmọ ọdún 22, kú níbẹ̀. Sílíńdà kan ló gbé pọ̀n, afẹ́fẹ́ lásán sì ló wà nínú rẹ̀. Ó rì kọjá 90 mítà. Ní irú ibú bẹ́ẹ̀, náítrójínì inú afẹ́fẹ́ ti da orí èèyàn rú pátápátá, kó má tilẹ̀ mọ ọ̀nà òkè yàtọ̀ sí ìsàlẹ̀. Kámẹ́rà tó mú wọ omi ká gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Tarek Omar, amòòkùn tó ti gbé ọ̀pọ̀ òkú jáde níbẹ̀, ló lọ gbé òkú rẹ̀ wá. Olùkọ́ ìmòòkùn ni Lipski. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kó mú káàdì wá láàárọ̀ ọjọ́ náà, káàdì tó ju ti àwọn àlejò lọ ni ì bá mú jáde.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó ti Ọsirélíà wá. Ní ọjọ́ 25, oṣù Kíní, 1998, ọkọ̀ kan kó àwọn amòòkùn lọ sí Great Barrier Reef, ó sì padà sílé láìmú Thomas àti Eileen Lonergan, tọkọtaya ará Amẹ́ríkà, lọ́wọ́. Ọjọ́ méjì kọjá kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé wọn kò sí, nígbà tí wọ́n rí ẹrù wọn nínú ọkọ̀. Amòòkùn tó mọṣẹ́ ni àwọn méjèèjì. Ẹni tó yẹ kó ka orí ni kò kà á tó. Nígbà tí ìpínlẹ̀ Queensland, níbi tí èyí ti ṣẹlẹ̀, wá mú ìlànà rẹ̀ le sí i, kíka orí àti kíkọ orúkọ sílẹ̀ kí ọkọ̀ tó kúrò ni wọ́n tẹnu mọ́. Ẹni tó bá ń polówó áàpù gẹ́gẹ́ bí ohun ààbò yẹ kó ka ìtàn yìí.

Àwọn ibì kan wà tí wọ́n ti mọ̀ tipẹ́ pé káàdì nìkan kò tó. Ní Ísírẹ́lì, òfin ìmòòkùn ìgbádùn ti 1979 ti wà, ẹni tí kò bá mòòkùn láàárín oṣù mẹ́fà yóò kọ́kọ́ bá olùkọ́ wọ omi ní Eilat kí wọ́n tó jẹ́ kó dá lọ. Ní àwọn ibi jíjìn nínú Òkun Pupa, bíi Brothers àti Daedalus, tí ìṣàn omi le, àwọn ọkọ̀ ń béèrè ìmòòkùn 50 tí èèyàn ti kọ sílẹ̀ nínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀. Advanced Open Water tó ní mẹ́sàn-án lè na fóònù rẹ̀ títí, wọn kò ní gbà á. Ilẹ̀ Faransé ló ṣe èyí tó gbọ́n jù. Òfin eré ìdárayá wọn fún olùdarí ìmòòkùn ní agbára láti dán ẹni tí kò ní ìwé-ẹ̀rí wò nínú omi, kó sì pinnu ibi tó lè dé. Ní ibẹ̀, omi ni wọ́n gbà gbọ́. Àjọ kékeré kan, GUE, tilẹ̀ jẹ́ kí ìwé-ẹ̀rí tirẹ̀ kú lẹ́yìn ọdún mélòó kan, àfi bí ẹni tó ni ín bá fi hàn pé òun ṣì ń mòòkùn. Ẹni tó gba káàdì GUE mọ̀ pé ó ń sọ nǹkan nípa lónìí.

Àwọn tó ń fi iṣẹ́ abẹ́ omi jẹun kò jẹ́ kí káàdì ṣe é tán rárá. Ọ̀pọ̀ ará Nàìjíríà rántí Harrison Okene, alásè inú ọkọ̀ Jascon-4 tó dojú dé ní etí òkun Delta ní oṣù Karùn-ún 2013. Ó wà nínú ibi tí afẹ́fẹ́ há mọ́ sí ní 30 mítà sísàlẹ̀ fún nǹkan bíi wákàtí 60, kí àwọn amòòkùn tó wá gbé òkú tó rí ọwọ́ tó ń mì. Òun nìkan ló yè. Lẹ́yìn náà, Okene lọ kọ́ iṣẹ́ amòòkùn fúnra rẹ̀, ó sì gba ìwé-ẹ̀rí ní 2015. Nínú iṣẹ́ tó wọ̀ yẹn, ìwé-ẹ̀rí kò tó kí ọ̀gá gbé èèyàn sọ̀kalẹ̀: dókítà gbọ́dọ̀ yẹ amòòkùn wò lọ́dọọdún, ìmòòkùn kọ̀ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ pẹ̀lú ìfọwọ́sí ẹni tó bójú tó o. Ẹni tó ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ àti ti ẹlòmíràn ṣòwò kò gbà kí ẹ̀rí ogún ọdún sẹ́yìn sọ̀rọ̀ fún ara òní.

Àríyànjiyàn tó kù lọ́wọ́ àwọn tó ń gbèjà owó náà ni ti ayédèrú. Wọ́n ní ike rọrùn láti tẹ̀ jáde, pé ti inú fóònù le. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ohun tó le ni yíyẹ rẹ́jísítà wò, ìyẹn sì ṣeé ṣe fún ẹni tó ní ike, ẹni tó ní fóònù, àti ẹni tó ní ọwọ́ lásán bákan náà. Nítorí náà, bí ààbò bá ni wọ́n ń wá lóòótọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣí rẹ́jísítà náà fún ṣọ́ọ̀bù gbogbo, kì í ṣe fún ti àjọ wọn nìkan, kí amòòkùn fún ẹni tó fẹ́ wò ó ní kóòdù tó máa kú lẹ́yìn ọjọ́ kan, láìgba kọ́bọ̀. Ṣọ́ọ̀bù PADI tó bá fẹ́ mọ òtítọ́ nípa ẹni tó kọ́ ní NAUI kò ní máa wo àwòrán, kó sì máa gbàdúrà.

Owó tí wọ́n ń ná lórí àwòrán náà ní ibi tó dára ju ibẹ̀ lọ. Owó tí àwọn kan ti san láti sọ ike di fóònù tó láti rọ afẹ́fẹ́ sí sílíńdà méjì ní ọ̀pọ̀ ibi. Sílíńdà kan nínú adágún pẹ̀lú olùkọ́, wákàtí kan péré, bíbọ́ ẹ̀rọ ìmí lẹ́nu kí a tún un fi sí i, wíwo aago, gígòkè díẹ̀díẹ̀: ìyẹn nìkan yóò ṣe ẹni tó ti ọdún márùn-ún jáde omi láǹfààní ju gbogbo káàdì tó wà nínú áàpù rẹ̀ lọ. Àwọn àjọ náà mọ èyí. PADI ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní ReActivate, fún ẹni tó ti pẹ́ láì mòòkùn. Yóò tún ẹ̀kọ́ kà, ó lè bá olùkọ́ wọ omi, wọn yóò sì fún un ní káàdì tuntun tí wọ́n kọ ọjọ́ ìtúnkọ́ náà sí lójú. Káàdì tó ní ọjọ́, tó sọ fún akọ̀wé tó wà nídìí tábìlì ohun tó fẹ́ mọ̀ gan-an, ti wà, wọ́n sì mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá wù ú ni wọ́n fi sílẹ̀ fún, owó rẹ̀ sì wà lọ́tọ̀.